Bí Mo Bá Sọ fún Dókítà Pé Ẹ̀rù Ń Bà Mí, Ṣé Kò Ní Yọ Orúkọ Mi?

Arábìnrin kan tó ń gbé ní London ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ ọdún 43 ni mí, ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Mo ní ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún ò sì jẹ́ kí n lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Wọ́n ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sleeve, èyí tí wọ́n fi ń gé àpòlúkù kù, fún mi kí n lè rù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i ni mo máa tún rí dókítà oníṣẹ́ abẹ. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo lè sùn kí n má jí. Màmá mi ní Ìbàdàn ní ọ̀lẹ ló ń ṣe mí, pé kí n dín ẹnu kù, kí n gbààwẹ̀. Nígbà tí dókítà bi mí lọ́jọ́sí bóyá mo ní ìbéèrè, mo ní rárá. Bí mo bá wá sọ fún un báyìí pé ẹ̀rù ń bà mí, ṣé kò ní sọ pé mi ò tíì ṣe tán, kó yọ orúkọ mi? Kí ni mo tiẹ̀ fẹ́ bi í? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn, òru ni mo ń kọ ọ́, ata ọbẹ̀ alẹ́ ló ń ta mí láyà tí mi ò rí oorun sùn."

Arábìnrin mi, gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, èyí tí ẹ fi ń tọrọ àforíjì, ni mo kọ́kọ́ fa ìlà sí nídìí. Màá padà sí i. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú èyí tó dì yín lọ́kàn: rárá o, wọn kì í yọ orúkọ ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ọdún 19 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì láàárín àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí ní England, mi ò rí ẹyọ ẹnì kan tí wọ́n lé nítorí pé ó ní ẹ̀rù ń ba òun. Ohun tó máa ń mú kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú wà lóòótọ́: ẹni tó ń mu sìgá tí kò tíì jáwọ́, ẹni tí ọtí ń dà láàmú, ẹni tí ìbànújẹ́ ọkàn mú tí kò tíì rí ìtọ́jú, ẹni tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì ga jù, ẹni tó máa ń jẹun ní kọ̀rọ̀ títí tí yóò fi bì. Sísún lásán nìyẹn, kí ara lè gbà á ni wọ́n sì ṣe ń sún un. Ká sòótọ́, ẹni tó máa ń kọ dókítà lóminú ni ẹni tí ẹ̀rù ò bà rárá, tó ń mi orí sí gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ.

Ìdí tí ẹ fi ní ẹ ò ní ìbéèrè yé mi dáadáa, torí bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Kí àgbà máa sọ̀rọ̀ kí ọmọdé máa dá a dúró pé kí ló dé, ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni nílé wa. Bí dókítà bá ti wọlé, a ti fi í sípò bàbá; a ó dúpẹ́, a ó tẹrí ba, a ó kó ìbéèrè wa dání lọ sílé. Òyìnbó tó jókòó níwájú wa ò mọ̀ pé ìkíni ni "yes, doctor" tiwa. Ìdáhùn ló gbọ́. Ó kọ ọ́ sínú fáìlì pé gbogbo rẹ̀ yé aláìsàn, pé kò ní ìbéèrè.

Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni, mo ń bá ìyá kan wọ ìbọ̀sẹ̀ fífún tó ń dènà ẹ̀jẹ̀ dídì. Bó ṣe gbọ́ tí mo ní "ẹ pẹ̀lẹ́, mà," ojú ẹ̀ là. Ó wò yíká, ó wá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ọmọ mi, àgbo tí mò ń mu láràárọ̀ yìí, ṣé kò ní dí wọn lọ́wọ́?" Mo ní àgbo wo. Àgbo tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i láti ilé ni, òun náà ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ó sì tún ń lo ibuprofen lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ nítorí orúnkún. Nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀, níbi tí wọ́n ti béèrè oògùn mìíràn tó ń lò, "kò sí" ló wà níbẹ̀. Wọ́n sún iṣẹ́ abẹ náà sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá yẹn sunkún, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a sun ún. Lójú ara ẹ̀, kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn rò pé òyìnbó á fojú tín-ínrín òun ni. Bẹ́ẹ̀ àgbo tí a ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà tí kò ní dá bọ̀rọ̀, ó lè fa ṣúgà lulẹ̀, ó lè bá oògùn tí wọ́n fi ń kunni lóorun jà. Ibuprofen àtàwọn ìbátan rẹ̀ máa ń dá ọgbẹ́ sínú àpòlúkù, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ni kò sì fẹ́ kí ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ yìí tún fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin náà ní orúnkún ń dà yín láàmú. Kí lẹ ń lò sí i?

Òfin pàápàá wà lẹ́yìn yín. Ní oṣù kẹta ọdún 2015, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Britain dájọ́ lórí ọ̀ràn kan tó wá láti Scotland, tí àwọn dókítà níbí mọ̀ sí ẹjọ́ Montgomery. Obìnrin kan tí kò ga, tó ní ìtọ̀ ṣúgà, lóyún. Ó sọ ọ́ jáde pé bí ọmọ náà ṣe tóbi ń kọ òun lóminú. Dókítà rẹ̀ ò sọ fún un pé èjìká ọmọ lè há, torí ó gbà pé bí òun bá sọ ọ́, yóò ní kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ náà. Èjìká há, ọmọ náà sì fara gbọgbẹ́ títí ayé. Ilé ẹjọ́ ní ewu tí ẹni tó wà níwájú dókítà bá máa kà sí pàtàkì ni dókítà gbọ́dọ̀ sọ, kó má fi mọ sí èyí tí òun fúnra rẹ̀ rò pé ó tó sọ. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe fẹ́ mọ ohun tí ẹ kà sí pàtàkì bí ẹ ò bá lanu?

Ó wá kan oorun àìjí. Mi ò ní tan yín pé kò sí ewu. Nǹkan bí ẹnì kan nínú 1,000 ló ń kú láàárín 30 ọjọ́ lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí, iye yẹn ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tí wọ́n yọ òróòro wọn. Oorun fúnra rẹ̀ kọ́ ló sábà ń fà á. Ohun mẹ́ta la máa ń ṣọ́ ní wọ́ọ̀dù: ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, ẹ̀jẹ̀ tó dì, àti ojú rírán tó ń jò. Nínú sleeve, ẹ̀rọ kan ló ń gé àpòlúkù, tó sì ń fi pínnì irin kéékèèké rán an bó ṣe ń gé e lọ. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń yọ. Èyí tó kù á rí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan. Ojú rírán gígùn yẹn lè jò, nǹkan bí ẹnì kan nínú 100 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Bó bá ń jò, kì í sábà pariwo: àyà á máa lù kìkì, ibà á yọ, ikùn á máa dùn sí i lásìkò tó yẹ kó máa rọ̀. Ti ẹ̀jẹ̀ dídì, inú ẹsẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè gòkè lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi máa gbé yín dìde kí ẹ rìn lọ́jọ́ náà gan-an, tí ẹ sì lè máa gún abẹ́rẹ́ kékeré síkùn fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá délé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹbí tó bá wá kí yín tó ní kí ẹ dùbúlẹ̀ kí ẹ má ṣe ìyọnu, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kí ẹ dìde kí ẹ máa rìn.

Nítorí náà, ẹ má bi dókítà pé "ṣé kò léwu?" Kò léwu púpọ̀ ló máa sọ, ẹ ó dúpẹ́, ó parí. Ẹ bi í pé nínú àwọn tí òun fúnra rẹ̀ ṣe fún, mélòó ló tún ní láti gbé padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹ bi í pé ẹ̀yin tí ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru, ibo lẹ bọ́ sí nínú iye yẹn. Ẹ bi í pé bí àyà bá ń lù yín kìkì ní aago méjì òru, ọjọ́ kẹrin tí ẹ ti délé, ta lẹ máa pè, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà yẹn fún yín. Oníṣẹ́ abẹ tó mọṣẹ́ kì í bínú sí irú ìbéèrè báyìí. Bí ó bá bínú, ẹ ti mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ nìyẹn.

Dókítà tó ń kunni lóorun yàtọ̀ sí oníṣẹ́ abẹ. Òun ló ni ọ̀rọ̀ oorun gan-an, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú. Bí ẹ bá ń hanrun, tí ọkọ yín ń sọ pé mímí yín máa ń dúró lóru, ẹ sọ ọ́. Bí wọ́n bá ti fún yín ní ẹ̀rọ mímí, ẹ gbé e dání lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá dọ́gbọ́n ra Mounjaro tàbí Wegovy, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún kí ènìyàn lè rù, fúnra yín, ẹ sọ ìyẹn náà, torí ó máa ń jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ nínú àpòlúkù, oúnjẹ yẹn sì lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ lójú oorun. Ẹ sọ jínótáìpù yín. Bí àpá bá máa ń wú lára yín, ẹ fi han oníṣẹ́ abẹ. Ojú ọgbẹ́ kéékèèké bíi márùn-ún ni, ṣùgbọ́n ara dúdú tó ń wú kì í wo kékeré.

Mo ní màá padà sí gbólóhùn ìkẹyìn yín. Ata ń ta yín láyà lóru. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni ń ṣàwàdà, àmọ́ nínú gbogbo ohun tó wà nínú lẹ́tà yẹn, òun ló lè yí iṣẹ́ abẹ náà padà. Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ata rárá, kó jẹ́ omi kíkan inú àpòlúkù ló ń gòkè wá sọ́nà ọ̀fun. Sleeve máa ń sọ àpòlúkù di páìpù tóóró. Ohun tó wà nínú páìpù tó fún, bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, òkè ló ń wá gbà. Ẹni tó ti ní in tẹ́lẹ̀, ó lè burú sí i. Ẹni tí kò ní in rí lè bẹ̀rẹ̀ sí í ní in. Bypass, oríṣi iṣẹ́ abẹ mìíràn tí wọ́n ń ṣe kí ènìyàn lè rù, ò rí bẹ́ẹ̀. Nínú tiẹ̀, wọ́n á ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ lókè àpòlúkù, tó gba nǹkan bí 30 mílílítà, wọ́n á so ìfun mọ́ ọn tààrà, oúnjẹ á sì yẹ ìyókù àpòlúkù sílẹ̀. Ó sábà máa ń mú kí àyà títa rọlẹ̀, ó sì lágbára lórí ìtọ̀ ṣúgà. Òun náà ní tiẹ̀: ọgbẹ́ lójú ìsopọ̀ fún ẹni tó ń mu sìgá tàbí tó ń lo ibuprofen, ìfun tó lè há lẹ́yìn ọdún mélòó kan, fítámì tí kò wọ ara dáadáa, àti ohun tí àwọn tó ṣe é ń pè ní dumping, tí ènìyàn á jẹ nǹkan aládùn, tí kò ní pẹ́ tí òógùn á bò ó, tí àyà á máa lù, tí inú á máa ru. Mi ò ní kí ẹ lọ sọ pé bypass lẹ fẹ́. Ohun tí mo rí ni pé dókítà tó fọwọ́ sí sleeve yẹn lè má mọ̀ pé ẹ kì í sùn lóru. Ẹ ka iye òru lọ́sẹ̀ fún un, ẹ dárúkọ oògùn tí ẹ ń rà ní kẹ́mísì sí i. Ó lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi kámẹ́rà wo inú yín.

Ẹ̀rù mìíràn wà tí ẹ ò kọ, tí mo mọ̀ pé ó wà: báwo lẹ ṣe máa jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé tí wọ́n máa fún yín kún fún búrẹ́dì, pásítà àti yọ́gọ́ọ̀tì. Ẹ ò ní rí ẹ̀bà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òkèlè ló máa ń kó ọmọ Yorùbá tó bá ṣe iṣẹ́ abẹ yìí sí wàhálà. Iyán ò ṣẹ̀. A kì í jẹ ẹ́ lẹ́nu ni, gbígbé la ń gbé e mì. Àpòlúkù tuntun fẹ́ kí ẹ rún nǹkan kúnná, kí ẹ gbé e mì díẹ̀díẹ̀. Òkèlè tó bá bọ́ síbẹ̀ lódindi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, àyà á há, ẹ ó sì bì í. Mo rí ọkùnrin kan tó padà wá bá wa ní ọ̀sẹ̀ keje nítorí àmàlà ọjọ́ Àìkú. Ó ní òun kàn tọ́ ọ wò ni. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí onímọ̀ oúnjẹ, kí ẹ sì ya fọ́tò abọ́ oúnjẹ alẹ́ yín lọ fún un, bó ṣe rí gan-an, ẹ má dín in kù kó lè dùn ún wò. Ẹ ó rí i pé nǹkan wa tó bá a mu pọ̀: mọ́ínmọ́ín rírọ̀, ẹyin, ẹja inú ọbẹ̀, ẹ̀wà tó jinná dénú. Omi mímu àti oúnjẹ ò ní máa wọlé pọ̀ mọ́, ẹ ó fi nǹkan bí ìdajì wákàtí sáàárín wọn. Ààwẹ̀ tí Màmá ń sọ yẹn, ẹ béèrè rẹ̀ ní pàtó, torí ní àwọn oṣù àkọ́kọ́ ẹ ò ní lè mu omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ààwẹ̀ gbígbẹ sì lè gbẹ omi ara yín kíákíá. Kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé pàápàá, wọ́n á ní kí ẹ fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì jẹ oúnjẹ tó kéré gan-an, kí ẹ̀dọ̀ lè sún kì, torí òun ló bo àpòlúkù lórí. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe máa dín oògùn yẹn kù láàárín ọ̀sẹ̀ náà, kí ṣúgà yín má bàa já lulẹ̀ lójijì. Èyí kì í ṣe ìbéèrè tó ṣeé gbàgbé sílé.

Ìyókù, mo kàn fẹ́ kí ẹ gbọ́ orúkọ wọn. Irun máa ń re láàárín oṣù kẹta sí ìkẹfà, ó sì sábà máa ń hù padà. Awọ ara á rọ̀. Òkúta lè wà nínú òróòro nítorí pé ènìyàn ń yára rù. Fítámì di ti gbogbo ọjọ́ ayé yín, ẹ ó sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́dọọdún. Ẹ ṣì ń ṣe nǹkan oṣù, àbí? Oyún máa ń tètè dúró lára ẹni tó ń rù, wọn ò sì fẹ́ ẹ láàárín oṣù 12 sí 18 àkọ́kọ́, ẹ bi wọ́n ní ọ̀nà ìfètò sọ́mọ bíbí tó bá yín mu.

Ti Màmá, mi ò fẹ́ bá àgbà jà, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ kọ́. Apá òkè àpòlúkù ni ara ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní ghrelin, òun ló ń ké sí ọpọlọ pé ebi dé. Bí ènìyàn bá dín ẹnu kù tó sì rù, ara á máa ṣe é sí i, á sì máa ṣọ́ oúnjẹ ná bí ẹni pé ọ̀dá dá. Apá yẹn gan-an ni sleeve ń gé lọ. Ní Sweden, láti ọdún 1987, wọ́n tẹ̀lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ àtàwọn tí kò ṣe é. Àwọn tó ṣe é ló pẹ́ láyé jù. Àmọ́ sleeve kọ́ ni wọ́n ń ṣe nígbà náà, ẹ má fi ìwádìí yẹn búra fún tiyín. Ìlànà NICE, àjọ tó ń fi ìlànà ìtọ́jú lélẹ̀ ní England, tiẹ̀ fi 2.5 dín ààlà BMI (ìṣirò ìwọ̀n ara sí bí ènìyàn ṣe ga) ọmọ Áfíríkà adúláwọ̀ kù sí ti òyìnbó, torí àìsàn bíi ìtọ̀ ṣúgà máa ń tètè mú wa kí ara wa tó tóbi tó tiwọn. Abẹ́rẹ́ tuntun bíi Mounjaro àti Wegovy náà ń ṣiṣẹ́, ẹ lè bi dókítà ìdí tí kò fi jẹ́ òun ló yàn fún yín. Ìṣòro wọn ni pé bí ènìyàn bá dá wọn dúró, èyí tó pọ̀ nínú ìwọ̀n tó lọ ń padà bọ̀. Sleeve náà, àwọn kan ń sanra padà lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ohun tí wọ́n gé kò sì ṣeé dá padà.

Nọ́ọ̀sì ni mí, mi ò rí fáìlì yín, mi ò sì lè sọ fún yín pé ẹ ṣe é tàbí ẹ má ṣe é. Ohun tí mo lè sọ ni bí ẹ ṣe máa lo ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n máa fún yín. Ẹ kọ ìbéèrè yín sórí bébà, èyí tó le jù lókè, torí èyí tó bá wà nísàlẹ̀ kì í rí àyè. Ẹ mú ọkọ yín dání kó máa kọ ìdáhùn sílẹ̀. Bí ojú bá tì yín níwájú dókítà, ẹ béèrè fún nọ́ọ̀sì tó ń bá a ṣiṣẹ́, ẹ fi nǹkan tí ẹ kọ lé e lọ́wọ́. Fọ́ọ̀mù tí ẹ máa fọwọ́ sí kò dè yín mọ́lẹ̀. Ẹ lè ní ẹ ò ṣe mọ́ títí dé ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, mo ti ti kẹ̀kẹ́ ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ padà sí wọ́ọ̀dù, ẹnikẹ́ni ò bá a wí. Bí ẹ bá ti jókòó, kí dókítà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún un pé: "Nígbà tí ẹ bi mí lọ́jọ́sí, mo ní mi ò ní ìbéèrè. Mo ní mẹ́rin. Èyí àkọ́kọ́ ni pé àyà máa ń ta mí lóru."